Ìgò Omi Ọ̀ṣun Kan, Láti Òṣogbo Dé Aṣẹ̀jìrẹ́

Bí o bá ń gbé Ìbàdàn bíi tèmi, tí omi ẹ̀rọ sì ń yọ ládùúgbò yín, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ omi Ọ̀ṣun lò ń mu. Ìsédò Aṣẹ̀jìrẹ́ tó wà lójú ọ̀nà Ìbàdàn sí Ifẹ̀, odò Ọ̀ṣun ni wọ́n sé níbẹ̀. Mo ti gba ibẹ̀ kọjá láìmọye ìgbà kí n tó mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ní oṣù kẹwàá tó kọjá, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó wà nílé ọkọ ní Òṣogbo bímọ, mo sì lọ kí wọn kú ewu ọmọ. Ọkọ̀ gba Gbọ̀ngán, ó sọ̀ wá sí Ọláìyá kó tó di ọ̀sán. Ìyẹn ò ní ìtàn nínú. Ẹ̀yìnkùlé wọn ni ìtàn wà.

Apá Òkè-Báálẹ̀ ni ilé náà wà. Àpáta kan yọ orí lẹ́yìn ilé, kò ga, òun ni wọ́n ń sá aṣọ ọmọ lé. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì mo lọ jókòó lé e, mo fi ọwọ́ nu ún, ló bá ń rún sí mi lọ́wọ́. Etí rẹ̀ ń bó ní ìpele-ìpele bí èèpo àlùbọ́sà. Gbòǹgbò igi ọdán kan ti wọ inú ibi tó sán, ó sì ti là á débi tí apá mi wọ̀ ọ́.

Mo bu èyí tó rún sí àtẹ́lẹwọ́, mo gbé e sí oòrùn. Oríṣi mẹ́ta ló wà nínú rẹ̀. Àwọn kan mọ́ bíi dígí, wọ́n le. Àwọn kan funfun, wọ́n ti rọ̀ bí ẹfun, èékánná ń wọlé sí wọn lára. Àwọn yòókù rí pẹlẹbẹ wẹ́wẹ́, wọ́n ń dán yinrinyinrin. Oòrùn ọ̀sán àti òtútù òru wà lára ohun tó ń la àpáta, gbòǹgbò igi náà sì ń ṣe tirẹ̀, ṣùgbọ́n nílẹ̀ wa níbí, iṣẹ́ omi òjò ló pọ̀ jù. Bí òjò ti ń bọ̀ láti ojú ọ̀run ló ń kó nínú atẹ́gùn tí à ń mí síta mọ́ra, ìyẹn sì ń mú kó kan díẹ̀. Ahọ́n wa ò lè mọ̀ ọ́n, òkúta mọ̀ ọ́n. Ọdún gorí ọdún, àwọn funfun yẹn á rà, wọ́n á di amọ̀. Irin tó wà nínú àpáta á dípẹtà, ìpẹtà yẹn ló sì kun ilẹ̀ wa ní pupa. Àwọn tó mọ́ bíi dígí kì í rà, àwọn ló ń di yanrìn. Amọ̀ tí ìyá oníkòkò fi ń mọ ìkòkò àti yanrìn tí bíríkìlà ń pò mọ́ sìmẹ́ǹtì, inú òkúta kan náà ni wọ́n ti jáde. Ọ̀rọ̀ yìí kò yé mi tó báyìí rí, àfi ìgbà tí mo rí i lọ́wọ́ ara mi.

Ìyá ọkọ ẹ̀gbọ́n mi yọ sí mi.

"Ọmọ mi, kí lò ń wá lára òkúta?"

"Màmá, mo ń wo bó ṣe ń di ilẹ̀ ni."

"Ó ń di ilẹ̀ lẹ́yìn, ilẹ̀ ń lọ níwájú. Dìde, wá wo èyí tó ń dùn mí."

Wọ́n mú mi lọ sí ẹnu ọ̀nà àbáwọlé. Nígbà tí wọ́n kó wọlé yẹn, wọ́n ní láti ojúlé ni wọ́n ti ń tẹsẹ̀ bọ pálọ̀, kò sí àtẹ̀gùn kankan. Àtẹ̀gùn mẹ́ta ló wà níbẹ̀ báyìí, èyí tó wà nísàlẹ̀ pátápátá sì ti dá dúró sófuurufú, adìẹ ń gba abẹ́ rẹ̀ kọjá. Mo fi apá wọn ibi tí ìpìlẹ̀ ilé ti hàn síta, ó tó ìgbọ̀nwọ́ kan.

Màmá ní, "Àgbàrá òjò ò ní òun ò nílé wó, onílé ni ò ní gbà fún un. Èmi náà ò ní gbà."

Wọ́n ti to àpò yanrìn síbẹ̀, àpò ti ya, yanrìn ti bá omi lọ. Ohun tó wú mi lórí ni koríko eéran tí wọ́n gbìn sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ilẹ̀ abẹ́ koríko yẹn fi nǹkan bí ìka mẹ́rin ga ju ilẹ̀ gbalasa tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lọ. Ibi tí ilẹ̀ bá wà níhòòhò, ẹ̀kán òjò kọ̀ọ̀kan ń lù ú tú ni, omi tó ń ya bọ̀ láti orí páànù á sì gbá èyí tó tú lọ. Koríko ń gba ìlù yẹn sára, gbòǹgbò rẹ̀ sì ń di ilẹ̀ mú. Lójú tèmi, kí á tó ra àpò kan sí i, ẹ jẹ́ ká gbin eéran yí ilé ká.

Lọ́sàn-án mo lọ sí Igbó Ọ̀ṣun. Igbó náà tó hẹ́kítà 75, ọdún 2005 ni UNESCO sì kọ orúkọ rẹ̀ mọ́ àwọn ohun àjogúnbá àgbáyé. Mo dúró pẹ́ níwájú àwọn ère tí Àdùnní Olórìṣà, Susanne Wenger, àti àwọn oníṣẹ́ ọnà tó bá a ṣiṣẹ́ mọ síbẹ̀. Ẹ̀hù ti bo ara àwọn kan, sìmẹ́ǹtì sì ti ń ṣí lára òmíràn. Òjò tó ń jẹ àpáta ẹ̀yìnkùlé wa náà ló ń jẹ wọ́n.

Ìtàn ìlú sọ pé etí odò níhìn-ín ni Lároòyè àti Olútìmẹ́hìn kọ́kọ́ tẹ̀dó sí, kí Ọ̀ṣun tó ní kí wọ́n gòkè sí ibi tó ga. Bí mo ti dúró létí omi, mo rí ọgbọ́n inú rẹ̀ kedere. Pẹ̀tẹ́lẹ̀ etí odò, odò ló tẹ́ ẹ, ẹrẹ̀ tí omi gbé dà síbẹ̀ nígbà tó kún ni. Ọjọ́ tó bá sì tún kún, á padà wá síbẹ̀.

Omi náà pọ́n bíi tíì tí wọ́n da mílíìkì sí. Òjò ṣì ń rọ̀, odò á kúkú rú. Àmọ́ obìnrin kan tó ń bu omi sínú kẹ́ẹ̀gì sọ fún mi pé nínú ẹ̀ẹ̀rùn pàápàá, kì í mọ́ mọ́ bíi ti tẹ́lẹ̀. Lókè odò, nílẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, àwọn tó ń wa góòlù ń gbẹ́ ilẹ̀, wọ́n ń fọ̀ ọ́ sínú omi. Ilẹ̀ tí àpáta fi ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún rún, wọ́n ń fi ṣọ́bìrì rọ́ ọ sódò láàárín ọjọ́ kan. Ọkàn mi bàjẹ́. "Màá jẹ́ kó tòrò ná," ni obìnrin náà wí, ó dé kẹ́ẹ̀gì rẹ̀.

Mo bu tèmi sínú ìgò ike kan. Nígbà tí mo délé, mo gbé e sójú fèrèsé. Kí n tó bọ́ bàtà, yanrìn ti balẹ̀ sídìí ìgò. Nígbà tí a jẹun alẹ́ tán, ẹrẹ̀ kíkúnná kan ti tẹ́ lé yanrìn náà lórí bí ẹ̀kọ. Ilẹ̀ mọ́, síbẹ̀ omi òkè ṣì dúdú díẹ̀: amọ̀ nìyẹn, òun ló fúyẹ́ jù, òun ló ń gbẹ̀yìn sọ̀kalẹ̀. Bí odò náà ṣe ń ṣe nìyí. Níbi tó bá ti ń sáré, ó ń ru gbogbo rẹ̀. Níbi tó bá ti rọra, pàápàá ní apá inú ibi tó ti yí kọ́nà, yanrìn ló ń kọ́kọ́ sọ̀. Amọ̀ ń bá a lọ títí á fi bá omi tí kò rìn pàdé.

Nígbà tí mo ń padà sí Ìbàdàn, mo fi ìgò náà há àárín ẹsẹ̀ mi. Kòtò pọ̀ lójú ọ̀nà, ọkọ̀ ń jù wá. Bí a ti yọ sí Aṣẹ̀jìrẹ́, mo bojú wo ìta: omi ìsédò náà tẹ́ rẹrẹ, kò mì. Mo bojú wo ilẹ̀, ìgò mi ti rú padà, ó pọ́n láti òkè délẹ̀.