Ẹ̀rọ tí kò gbọ́n jù ni kí o gbé lọ sí Düsseldorf

Àbúrò ìyàwó mi fẹ́ wakọ̀ láti Birmingham lọ sí Düsseldorf ní Jámánì lóṣù tó ń bọ̀, òun àti ìyàwó ẹ̀ pẹ̀lú àwọn ọmọ. Ó pè mí lálẹ́ àná: "Bọ̀ọ̀dá, ẹ̀rọ atọ́nà wo lẹ máa ń lò lórí fóònù, Google Maps ni àbí Waze?" Ọ̀nà yẹn náà la máa ń gbà lọ kí ẹ̀gbọ́n mi nígbà ooru, torí náà mo ní màá kọ ọ́ síbí, kí ẹlòmíràn tó fẹ́ lọ lè rí i kà.

Ìwọ ni mò ń bá wí o. Yé wá èyí tó gbọ́n jù. Nílé níbí, mo fẹ́ràn ẹ̀rọ ọlọgbọ́n. Àwọn awakọ̀ bíi tiwa ló ń ta Waze lólobó pé ọkọ̀ kan bàjẹ́ níbí, sún-kẹẹrẹ fà-kẹẹrẹ wà lọ́hùn-ún, kíá, á ti ní kí o yà sí àdúgbò tí o kò gbọ́ orúkọ ẹ̀ rí. Nílẹ̀ ibòmíràn ńkọ́? Èyí tí kò mọ̀ ju títì márosẹ̀ lọ ni mo ń fẹ́.

Wo Antwerp ní Belgium, tó wà lójú ọ̀nà wa. Títì tó yí ìlú náà ká, R1, sún-kẹẹrẹ ibẹ̀ kò kéré. Bí ẹ̀rọ bá ní kí o gba àárín ìlú kọjá kí o lè jèrè ìṣẹ́jú díẹ̀, inú agbègbè tí wọ́n ti ń ṣọ́ èéfín ọkọ̀ ló ń tì ọ́ sí yẹn. Láti 2017 ni òfin náà ti wà. Ọkọ̀ tó ní nọ́ńbà Ìlú Ọba gbọ́dọ̀ ti forúkọ sílẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì kó tó wọbẹ̀, bí èéfín ẹ̀ tiẹ̀ mọ́. Kámẹ́rà ló ń ka nọ́ńbà, kò sí ọlọ́pàá tí o máa bẹ̀. Bẹ́ẹ̀ R1 fúnra ẹ̀ kò sí nínú agbègbè náà. Èmi a máa jókòó sínú sún-kẹẹrẹ mi ni, ìyàwó mi á sì máa bó ẹ̀pà fún mi.

Ọ̀rọ̀ dátà wá ńkọ́? Látìgbà tí Ìlú Ọba ti jáde nínú àjọ Yúróòpù, àwọn iléeṣẹ́ fóònù kan ti padà sí gbígba owó ojúmọ́ lọ́wọ́ ẹni tó bá lo fóònù lọ́hùn-ún, àwọn mìíràn kì í gbà. Bi tìrẹ léèrè. Ṣùgbọ́n fóònù kò nílò dátà kó tó mọ ibi tó wà. Ó kàn ń gbọ́ ohun tí sátẹ́láìtì GPS ń sọ ni, àwọn yẹn wà lókè níbi nǹkan bíi kìlómítà 20,000, wọn kì í gba kọ́bọ̀. Àwòrán ojú ọ̀nà ló ń jẹ dátà. Tí àwòrán bá ti wà nínú fóònù ṣáájú, wàhálà ti tán.

Google Maps ń jẹ́ kéèyàn gba àwòrán agbègbè kan sílẹ̀. Láìsí íntánẹ́ẹ̀tì, ọ̀nà ọkọ̀ nìkan ló lè sọ, kò lè sọ sún-kẹẹrẹ, kò lè sọ ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀. Waze ní tiẹ̀ ń fẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì kó tó wá ọ̀nà. Organic Maps ni mo gbé síwájú. Látinú OpenStreetMap ló ti ń mú àwòrán, iṣẹ́ àjùmọ̀ṣe tó bẹ̀rẹ̀ ní Ìlú Ọba níbí ní 2004. Kò ní ìpolówó, kò gbowó, o sì lè gba orílẹ̀-èdè kan odindi sílẹ̀. Kò mọ nǹkan kan nípa sún-kẹẹrẹ, torí náà kò ní tàn ọ́ wọ kọ̀rọ̀ kankan.

Kí o tó jáde nílé, pa dátà, pa Wi-Fi, kí o wá ní kí ẹ̀rọ náà mú ọ láti Calais, níbi tí a ti ń wọ Faransé, dé Düsseldorf. Bó bá fa ìlà náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, ó ti pé. Bó bá kọ̀, ó ku ilẹ̀ kan tí o kò tíì gbà. Netherlands lèèyàn lè tètè gbàgbé, torí Eindhoven àti Venlo lọ̀nà gbà.

Bí o bá fẹ́ ra Garmin, ẹ̀rọ atọ́nà tó dá dúró láìsí fóònù, kò burú, kì í jẹ dátà. Kàn wo ara páálí ẹ̀ dáadáa, àwọn kan wà tó jẹ́ Ìlú Ọba àti Ireland nìkan ló wà nínú wọn.

Ìyàwó mi máa ń kọ orúkọ ìlú sẹ́yìn àpòòwé: Dunkerque, Brugge, Gent, Antwerpen, Eindhoven, Venlo. Nọ́ńbà títì ló máa ń wà níwájú wọn, E40, E17, E34. Nọ́ńbà yẹn ló ṣe kókó. Pátákó apá Flanders ní Belgium, níbi tí wọ́n ti ń sọ èdè Dutch, kì í kọ Lille, Rijsel ló ń kọ. Liège di Luik, Aachen di Aken. Ẹ̀rọ á máa pe ọ̀kan, pátákó á máa kọ òmíràn, ṣùgbọ́n E40 ò yí padà.

Kí o tó wọ ọkọ̀ ojú irin tó ń gbé mọ́tò gba abẹ́ òkun kọjá ní Folkestone, pa ohùn tó ń kìlọ̀ kámẹ́rà eré sísá. Ní Faransé, owó ìtanràn ẹ̀ lè tó 1,500 yúrò. Ní Jámánì, 75 yúrò ni pẹ̀lú àmì kan lórí ìwé ìwakọ̀. Yọ íápíìsì kúrò létí náà, Faransé kò gbà á fún awakọ̀ láti 2015. Yí eré sí kìlómítà, kí o má máa ṣírò máìlì lórí ìjókòó.

Ẹ̀rọ á sọ fún ọ pé owó ibodè wà, kò ní bá ọ san án. Bí o bá gba Dartford kọjá odò Thames nítòsí London láàárín aago mẹ́fà àárọ̀ sí mẹ́wàá alẹ́, kò sẹ́ni tó máa dá ọ dúró gbowó, ṣùgbọ́n aago méjìlá òru ọjọ́ kejì kò gbọdọ̀ lù kí o tó san án lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Gbé ìyẹn lé ìyàwó ẹ lọ́wọ́, kó san án nígbà tí ẹ bá ń dúró de ọkọ̀ ojú irin ní Folkestone.