Lẹ́yìn tí wọ́n bá gba kọ́kọ́rọ́ tán

Tí àwọn ará ìjọ wa ní Peckham, ní London, bá gbọ́ iṣẹ́ tí mò ń ṣe, ìbéèrè kan náà ni wọ́n máa ń bi mí: "Sìsítà, ṣé àwọn ọ̀mùtí lẹ wá ń fún nílé káńsù, tí àwa tá à ń ṣiṣẹ́ ń san owó ilé gọbọi?" Kì í bí mi nínú. Ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ méjì kó tó lè sanwó yàrá kan fún ara rẹ̀ àti àwọn ọmọ lẹ́tọ̀ọ́ láti béèrè. Mi ò kàn lè dá wọn lóhùn tán lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, ìdí nìyí tí mo fi ń kọ ọ́ síbí.

Iṣẹ́ mi ni kí n máa dúró ti àwọn tó ti ń sùn síta láti ọdún pípẹ́, tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rílé gbà. Housing First ni wọ́n ń pe ètò náà. Sam Tsemberis, onímọ̀ nípa ọkàn ẹ̀dá, ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní New York ní 1992. Ohun tí wọ́n máa ń sọ fún aláìnílé tẹ́lẹ̀ ni pé: kọ́kọ́ jáwọ́ nínú ọtí, lọ gba ìtọ́jú, wá gbé họ́sítẹ́ẹ̀lì àwọn aláìnílé, tá a bá rí i pé o ń ṣe dáadáa, a ó wá ilé fún ọ. Ẹni tí òjò ń pa, tí wọ́n ń jí dìde lóru pé kó kúrò níwájú ṣọ́ọ̀bù, tí wọ́n ti jí oògùn rẹ̀ lọ mọ́ bàtà, òun lẹ ní kó kọ́kọ́ fi ọtí tó fi ń gbàgbé òtútù sílẹ̀! Tsemberis yí i padà. Ẹ fún un nílé ná, ilé gidi tí ìwé rẹ̀ wà lórúkọ rẹ̀, kí ìtọ́jú tẹ̀lé e wọlé. Tó bá kọ ìtọ́jú, a ò ní torí ìyẹn lé e jáde. Ohun tó lè gba ilé lọ́wọ́ rẹ̀ náà ló lè gba tèmi lọ́wọ́ mi: kéèyàn má sanwó ilé, tàbí kó máa yọ aládùúgbò lẹ́nu.

Ọkùnrin kan wà lára àwọn tí mò ń bójú tó, ọmọ Glasgow, ó ti lé lẹ́ni ọgọ́ta ọdún. Ẹni tí kò bá gba ilé káńsù rí lè má mọ̀ pé wọ́n sábà máa ń ká kápẹ́ẹ̀tì kúrò kí wọ́n tó fi ilé lé ẹlòmíì lọ́wọ́. Kò sí kọ́tìnì, kò sí sítóòfù, kò sí fíríìjì. Sìmẹ́ǹtì lásán ni ilẹ̀. Owó Universal Credit àkọ́kọ́, ìyẹn owó ìrànwọ́ tí ìjọba ń san, á tó ọ̀sẹ̀ márùn-ún kó tó dé. Gbèsè ẹni tó kó jáde ṣì wà lórí mítà iná, gbogbo owó tá a bá fi sí i ló ń gbé mì, àfìgbà tá a dúró pẹ́ lórí fóònù kí wọ́n tó pa á rẹ́. Kódà nígbà tí bẹ́ẹ̀dì dé, ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn ló ń sùn, pẹ̀lú bàtà lẹ́sẹ̀. Ó ní bí ilé náà ṣe dákẹ́ ń ba òun lẹ́rù.

Kí ni mo wá ń ṣe níbẹ̀? Mo ń jókòó tì í. A ń mu tíì. A ń já lẹ́tà ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú àpò ọ̀rá ńlá kan tó ti ń gbé kiri, tí kò já rí. Mo ń bá a lọ rí dókítà. Ìdí nìyí tí wọn kì í fi fún ẹnì kan lára wa ju èèyàn márùn-ún sí méje lọ.

Lẹ́yìn oṣù díẹ̀, àwọn tó ń ta oògùn olóró rí i pé ó ti nílé. Wọ́n wọlé, wọn ò jáde mọ́. Wọ́n ń tajà níbẹ̀, wọ́n ń sùn sórí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀, ló bá padà sí ìta. Ó máa ń ṣẹlẹ̀ gan-an sí ẹni tó dá gbé tí kò sì ní alágbàwí. Nígbà tá a ṣèpàdé lórí ọ̀rọ̀ rẹ̀, ẹnì kan béèrè pé ṣé kò ti fi àǹfààní rẹ̀ ṣòfò. Mo ní rárá o! Wọ́n kó èèyàn nílé, ẹ wá fẹ́ dá ẹni tí wọ́n kó nílé lẹ́bi. A bá a wá ilé mìíràn, ní àdúgbò míì. Ibẹ̀ ló wà dòní. Ó ṣì ń mutí, àmọ́ kò tó ti tẹ́lẹ̀, àràárọ̀ ló sì ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀.

Ẹni tó bá rò pé àlá lásán nìyí, kó wo Finland. Ní 1987, àwọn aláìnílé ibẹ̀ lé ní 18,000. Láti 1985 ni àjọ Y-Säätiö ti wà níbẹ̀, tó ń ra ilé, tó sì ń fi háyà fún wọn. Nígbà tó di 2008, ìjọba sọ Housing First di ètò gbogbo orílẹ̀-èdè. Ní Helsinki, họ́sítẹ́ẹ̀lì ńlá tí Salvation Army, ìjọ Kristẹni tó ń ran aláìní lọ́wọ́, ní, wọ́n tún un kọ́, ó di fúláàtì 81, tí kálukú ní ilẹ̀kùn tirẹ̀. Nígbà tó fi máa di 2022, iye aláìnílé kò tó 4,000 mọ́ ní gbogbo Finland.

Ní England níbí, ìjọba gbé pọ́n-ùn mílíọ̀nù 28 kalẹ̀ ní 2018 láti dán an wò ní Manchester, Liverpool àti West Midlands. Ṣùgbọ́n iye ọdún mélòó kan ni owó irú ètò báyìí máa ń ní, ẹni tá à ń ràn lọ́wọ́ sì lè nílò wa ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ilé gan-an sì wọ́n. Láti 1980 ni òfin ti jẹ́ káwọn ayálégbé máa ra ilé káńsù ní owó pọ́ọ́kú, èyí tí wọ́n kọ́ dípò wọn kò sì tó. Ẹ̀yin ará ìjọ mi, ibẹ̀ ni kẹ́ ẹ kọjú ìbínú yín sí. Ọ̀mùtí kọ́ ló gba ilé yín.

Àwọn tiwa náà wà níta o. Lọ́jọ́ kan, mò ń fi Yorùbá sọ̀rọ̀ lórí fóònù nínú bọ́ọ̀sì òru, ọkùnrin kan tó ti sùn lọ́wọ́ ẹ̀yìn kí mi: "Àǹtí, ẹ kú iṣẹ́ o." Ibẹ̀ ló ń sùn. Físà rẹ̀ kò jẹ́ kó fọwọ́ kan owó ìjọba, nítorí náà káńsù kò lè fún un nílé, ètò tí mò ń ṣe yìí ò sì lè gbà á. Ó bẹ̀ mí pé kí n má jẹ́ káwọn ará ilé mọ̀.

Tí ẹ bá mọ irú ẹni bẹ́ẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má wàásù fún un. Àwọn kan wà tí wọ́n lè kọ̀wé sí Home Office, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń bójú tó ìwé ìgbélùú, pé kí wọ́n yọ òfin yẹn kúrò lórí físà wọn nítorí ìṣẹ́. Ẹ má sì jẹ́ kó gba ìmọ̀ràn ìwé ìgbélùú lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni tí kò ní àṣẹ láti fúnni, bó ti wù kó jẹ́ ọmọ ìlú wa tó. Law Centre, ibi táwọn agbẹjọ́rò ti ń ran aláìní lọ́wọ́, wà ní Southwark àti ní Hackney ní London níbí. Mo ti bá ọkùnrin inú bọ́ọ̀sì náà dé ọ̀kan nínú wọn, agbẹjọ́rò ti gba ọ̀rọ̀ rẹ̀, èsì Home Office la ṣì ń retí.