Ọ̀rọ̀ iná tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tú wa ká ní 2024

Ẹ kú ewu ọdún o. Ní ti iṣẹ́, a dúpẹ́. Ní ti owó, ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀. Ohun tó gbà mí lọ́kàn jù lọ́dún yìí ni ọ̀rọ̀ iná ilé wa.

Ìdílé mẹ́rin la jọ ń lo mítà kan n'Íbàdàn, èmi ni mo ń gba owó káàdì. Lóṣù kẹrin, NERC, àjọ tó ń ṣàkóso ọ̀rọ̀ iná mànàmáná ní Nàìjíríà, gbé owó iná àwọn tó wà ní Band A, ìyẹn àwọn tó yẹ kó máa rí iná fún ó kéré tán ogún wákàtí lójúmọ́, láti náírà 68 sí 225 lórí yúnìtì kan. Àdúgbò wa wà níbẹ̀. 5,000 náírà tó ń ra bí yúnìtì 70 wá ń ra bí 20. Ká tó ṣẹ́jú pẹ́, mítà á tún ti bẹ̀rẹ̀ sí í ké. Àwọn ayálégbé tí kò gbọ́ pé owó iná ti lé sọ pé fírísà méjì tí ìyá olómi tútù, ọ̀kan nínú wa, ń lò ló ń jẹ iná. Wọ́n pàdé lálẹ́, wọ́n sọ owó tirẹ̀ di ìlọ́po méjì. Nígbà tí mo lọ jíṣẹ́, ariwo ta. Màmá ní òun ò san kọ́bọ̀, pé ṣe la fẹ́ lé òun kúrò nílé.

Bàbá tíṣà, àgbà ilé wa, ló lọ fa àga sẹ́gbẹ̀ẹ́ fírísà. "Màmá, ẹ má bínú sí wa. Ẹ bá mi sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀." Màmá sọ, ó sọ, oníbàárà dé, ó tà á lómi, ó tún ń sọ lọ. Nígbà tó dákẹ́, bàbá ní, "Ó ṣì ku nǹkan kan, àbí?" Ìgbà yẹn lọ̀rọ̀ tó jáde: owó kọ́ ló ń dùn ún. Pé a ṣèpàdé lẹ́yìn òun bí ẹni tí kì í ṣe ará ilé ni.

Àwọn kan ní bàbá rẹ ara rẹ̀ sílẹ̀ jù, pé kí ló ń bẹ̀bẹ̀ ohun tí kò ṣe sí? Èmi ò gbà. Ká ní ó wọlé bí adájọ́ ni, iyàn yúnìtì la ì bá ṣì máa jà títí di òní.

Lóṣù kẹsàn-án, àbúrò mi tó wà ní London fi ìbínú ránṣẹ́ lórí owó oògùn ìyá wa. Mi ò fèsì lórí WhatsApp, mo pè é, mo sì jẹ́ kó sọ̀rọ̀. Ó pẹ́ kó tó jẹ́wọ́ pé iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ òun. A ò mọ̀ nílé.

Ní ti iná, màmá ló fẹnu ara rẹ̀ dá iye tí yóò máa fi lé e. Ìrọ̀lẹ́ Sunday la ń ṣèpàdé báyìí, tó bá ti palẹ̀ ọjà mọ́. Ayálégbé kan ṣì wà tí kì í kí i dáadáa. Bàbá tíṣà ní òun á lọ jókòó tì í kí ọdún tó yí.