Ẹ má kọ "nǹkan oṣù" sí fọ́ọ̀mù líìfù: ẹ̀kọ́ tí mo kọ́

Inú ṣì ń bí mi. Lánàá ni wọ́n ju ìwé líìfù oṣù yìí sórí WhatsApp gbogbo òṣìṣẹ́, tó fi mọ́ dírẹ́bà àti bàbá tó ń ṣọ́ géètì. Orúkọ, iye ọjọ́, ìdí. Níwájú orúkọ tèmi: "nǹkan oṣù". Dírẹ́bà pàdé mi ní géètì: "Àǹtí, ṣé ẹ ti ṣe tán?" Àánú mi ló ń ṣe é o, kò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ìyẹn gan-an ló dùn mí jù.

Èmi ni mo fọwọ́ ara mi kọ ọ́. Ibi tí wọ́n kọ "ìdí" sí lórí fọ́ọ̀mù, dókítà kọ́ ló ń kà á. HR ni, ọ̀gá ẹ̀ka ni, àwọn akáùńtì ni, àti ẹni tó ń tẹ̀ ẹ́ sínú Excel. Ẹ kọ "àìlera", kí ẹ fi mọ síbẹ̀. Kì í ṣe pé ojú ń tì mí, kò kàn wọ́n ni.

Kò sí líìfù nǹkan oṣù nínú Òfin Iṣẹ́ Nàìjíríà. Ọjọ́ iṣẹ́ 12 lọ́dún ló fún aláìsàn, pẹ̀lú ìwé dókítà. Bí ẹ bá ń mú ọjọ́ kan lóṣù, ó ti tán nìyẹn, ibà ò sì tíì dé. Ní Sáńbíà, òfin ọdún 2019 fún obìnrin ní ọjọ́ kan lóṣù láìmú ìwé dókítà wá, láìsọ ìdí. Láìsọ ìdí! Ní Sípéènì, tí tiwọn jáde ní 2023, dókítà gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i.

Ìwé dókítà náà ńkọ́? Ọ̀pọ̀ wọn á kọ orúkọ àìsàn sí i, ó ti mọ́ wọn lára. Kí ẹ tó kúrò níwájú rẹ̀, ẹ ní kó kọ "kò lè ṣiṣẹ́ fún ọjọ́ méjì", déètì, ìbuwọ́lùwé àti òǹtẹ̀ nìkan.

Síbẹ̀, ẹni tó bá rí "àìlera" ní gbogbo ọjọ́ 28-28 á kúkú mọ̀. Nítorí náà, ẹ ní kí HR yọ òpó "ìdí" kúrò nínú ìwé tó bá máa dé ọwọ́ ẹlòmíràn. Ọjọ́ tí ènìyàn máa padà ló kan àwọn tó kù.

Bí ìdí yín bá ti jáde sórí gúrúùpù, ẹ ya àwòrán ojú fóònù kí wọ́n tó pa á rẹ́, kí orúkọ gúrúùpù àti aago hàn. Ẹ fi ímeèlì ránṣẹ́ sí HR, kì í ṣe fóìsì nóòtì. Ẹ tọ́ka sí Òfin Ìdáàbòbò Détà ti 2023, tó ka ọ̀rọ̀ ìlera mọ́ ohun tó gbọ́dọ̀ ní ìpamọ́ àrà ọ̀tọ̀. Bí wọ́n bá dákẹ́, ẹ gbé e lọ sí NDPC, àjọ ìjọba Nàìjíríà tó ń rí sí òfin náà.

Wọ́n ti pa tèmi rẹ́ lálẹ́ àná, wọ́n sì ti bẹ̀ mí. Ẹni tó ti gbé e pamọ́ ṣáájú ṣì ní in.