Láptọ́ọ̀pù Olówó Pọ́ọ́kú àti Géèmù: Ẹ Wo RAM Kí Ẹ Tó Wo GPU

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọṣẹ́ títún kọ̀ǹpútà ṣe, ìbéèrè kan wà tí ẹ ó máa gbọ́ títí yóò fi sú yín: "Ṣé láptọ́ọ̀pù mi yìí lè gbé géèmù?" Ẹni tó ń béèrè sábà máa ń gbé láptọ́ọ̀pù olówó pọ́ọ́kú dání, èyí tí kò ní GPU (ẹ̀yà tó ń ya àwòrán sójú kọ̀ǹpútà) tó dá dúró, àfi èyí tí wọ́n kọ́ mọ́ inú prósẹ́sọ̀, ìyẹn ọpọlọ kọ̀ǹpútà. Ẹ má sáré sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, ẹ má sì sáré sọ pé rárá. Iṣẹ́ yìí ti kọ́ mi láti kọ́kọ́ béèrè pé, "Géèmù wo?" Lẹ́yìn náà, kí n wo RAM, ibi tí kọ̀ǹpútà ń kó ohun tó ń lò lọ́wọ́ sí, kí n tó wo orúkọ GPU rárá.

RAM yìí ni màá pẹ́ lórí rẹ̀ jù, torí ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà. GPU tó dá dúró ní RAM tirẹ̀ tí ẹlòmíràn kì í fọwọ́ kàn. Èyí tó wà nínú prósẹ́sọ̀ kò ní. Ayálégbé ni nínú RAM kọ̀ǹpútà, òun àti prósẹ́sọ̀ ni wọ́n jọ ń lò ó. Nítorí náà, bí GPU ọ̀hún ti wù kó lágbára tó, kò lè yára ju bí RAM ṣe ń kó dátà wá fún un lọ. Ẹyọ RAM DDR4-3200 kan ṣoṣo lè gbé dátà 25.6 GB ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí ẹ bá fi ẹyọ kejì tó bá a mu sí i, tí àwọn méjèèjì ń ṣiṣẹ́ pọ̀, ó di 51.2 GB. Ẹ wá fi wé GTX 1650 ti láptọ́ọ̀pù tó ń lo GDDR5, tí kì í sì í ṣe ọ̀gá láàárín àwọn GPU: 128 GB ní ìṣẹ́jú àáyá kan ni tirẹ̀, òun nìkan ló sì ń lò ó.

Ọ̀pọ̀ láptọ́ọ̀pù olówó pọ́ọ́kú ló jẹ́ pé ẹyọ RAM kan ni wọ́n fi sínú rẹ̀, tí ihò kejì ṣófo. Ìdajì ọ̀nà ni GPU ń rí lò látọjọ́ tí wọ́n ti rà á. Èyí tó wá ń dùn mí jù ni pé bí oníbàárà bá fẹ́ fi kún RAM rẹ̀, wọ́n á yọ 8 GB tó wà níbẹ̀, wọ́n á fi ẹyọ 16 GB kan rọ́pò rẹ̀. Àyè pọ̀ sí i lóòótọ́, àmọ́ ọ̀nà tí dátà ń gbà kò fẹ̀ sí i. Fún géèmù lórí irú kọ̀ǹpútà yìí, 8 GB méjì sàn ju 16 GB ẹyọ kan lọ, ìyàtọ̀ náà kì í sì í ṣe èyí tí èèyàn ń fi ẹ̀rọ wọ̀n kó tó rí i.

Intel alára jẹ́rìí sí i. Ní ọdún 2020 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi GPU tí wọ́n pè ní Iris Xe sínú prósẹ́sọ̀ láptọ́ọ̀pù wọn, èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ sì ní ẹ̀ka ìṣirò 96. Ṣùgbọ́n bí RAM bá jẹ́ ẹyọ kan, kọ̀ǹpútà kò ní pè é ní Iris Xe mọ́, UHD Graphics lásán ni yóò kọ síbẹ̀. Oníbàárà á gbé e wá pẹ̀lú ìbínú, á ní wọ́n rẹ́ òun jẹ, pé Iris Xe ni wọ́n kọ sára páálí. Ẹ ki ẹyọ kejì bọ̀ ọ́, orúkọ á padà.

Àtiyẹ̀ ẹ́ wò kò le. Ẹ ṣí Task Manager lórí Windows, ẹ lọ sí Performance, kí ẹ tẹ Memory. Ẹ óò rí iye ihò tó wà àti iye tó ní RAM nínú. Bí RAM bá jẹ́ LPDDR, ara bọ́ọ̀dù ni wọ́n jó o mọ́, kò sí ohun tí ẹ lè fi kún un. Irú wọn sábà máa ń ní ọ̀nà tó fẹ̀ dáadáa, ṣùgbọ́n iye RAM tó ní lọ́jọ́ tí wọ́n rà á náà ló máa bá kọ̀ǹpútà dópin. Bí ẹnikẹ́ni bá béèrè lọ́wọ́ yín kó tó rà, ẹ sọ fún un pé kó má ra 8 GB tí kò ṣeé fi kún. Windows ń jẹ níbẹ̀, géèmù ń jẹ níbẹ̀, GPU náà ń yá lára rẹ̀. Windows lè jẹ́ kí GPU yá tó ìdajì gbogbo RAM, ìdí nìyẹn tí àwọn olùtajà kan fi ń pariwo pé láptọ́ọ̀pù báyìí "ní 4 GB fún géèmù". RAM kan náà tí wọ́n ti kà tẹ́lẹ̀ ni wọ́n tún ń kà lẹ́ẹ̀kejì o.

Orúkọ prósẹ́sọ̀ náà máa ń tanni jẹ. Ryzen 5 7520U àti Ryzen 7 7840U ti AMD dà bí ọmọ ìyá kan náà lójú ẹni tó ń kánjú. Èkíní ní Radeon 610M tí ẹ̀ka rẹ̀ jẹ́ méjì péré. Èkejì ní Radeon 780M tó ní 12 (ẹ má fi ẹ̀ka AMD wé 96 ti Intel, wọn kò tóbi bákan náà). Orúkọ GPU fúnra rẹ̀ ni kí ẹ wá. Kí ẹ sì lè mọ ohun tí iye ẹ̀ka yẹn túmọ̀ sí, ẹ rántí pé Steam Deck, ẹ̀rọ géèmù àfọwọ́dìmú tó jáde ní ọdún 2022, ní mẹ́jọ, inú prósẹ́sọ̀ ni GPU tirẹ̀ náà wà, ó sì ń gbé géèmù ńláńlá. Àmọ́ ojú skrín rẹ̀ kéré: 1280×800 ni. Ibẹ̀ làṣírí kejì wà.

Ojú skrín tó jẹ́ 1920×1080 ní pixel (àmì àwọ̀ kéékèèké) tó lé ní mílíọ̀nù méjì tí GPU gbọ́dọ̀ kùn fún fíréèmù kọ̀ọ̀kan, ìyẹn àwòrán kọ̀ọ̀kan tó ń tẹ̀ lé ara wọn lójú skrín. Bí ẹ bá sọ géèmù kalẹ̀ sí 1280×720, ó di 921,600, kò tó ìdajì. Kò sí ohun mìíràn nínú ètò géèmù tó ń tú GPU sílẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Òjìji ló tẹ̀ lé e, ẹ dín in kù kí ẹ tó fọwọ́ kan bí igi àti ògiri ṣe ń dán. Bí géèmù náà bá ní FSR, ètò tó ń ya àwòrán kékeré tó sì ń sọ ọ́ di ńlá, tí AMD gbé jáde ní 2021, ẹ lò ó. Ẹ̀dà rẹ̀ kìíní sí ìkẹta kò béèrè bóyá GPU AMD ni tàbí ti Intel. Èmi fúnra mi fẹ́ràn fíréèmù 30 ní ìṣẹ́jú àáyá kan tó dúró ṣinṣin ju èyí tó ń fò láti 25 sí 55 lọ. Àwọn ọ̀dọ́ kì í gbà pẹ̀lú mi.

Ìdí mìíràn tún wà tí mo fi ń dá fíréèmù dúró síbì kan. Prósẹ́sọ̀ inú ọ̀pọ̀ láptọ́ọ̀pù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ní nǹkan bíi 15 watt tí òun àti GPU jọ ń pín. Bí prósẹ́sọ̀ bá ń sáré láìnídìí, agbára GPU ló ń jẹ. Kí ṣájà wà lára rẹ̀, kí fáànù mọ́, kí wọ́n má gbé e sórí ìrọ̀rí. Ẹ ti mọ ìyẹn.

Ó wá ku géèmù fúnra rẹ̀. Stardew Valley àti Celeste kì í yọ UHD 620, GPU inú prósẹ́sọ̀ Intel àtijọ́, lẹ́nu. Valorant ń fara mọ́ GPU àtijọ́ débi pé Intel HD 4000, tó ti wà láti 2012, ni Riot tó ṣe géèmù náà kọ gẹ́gẹ́ bí èyí tó kéré jù. Ẹ ṣọ́ra fún géèmù tó ń yí padà: nígbà tí Counter-Strike 2 gba ipò CS:GO ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2023, kọ̀ǹpútà tó ń gbé ti tẹ́lẹ̀ wẹ́rẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í mí gúlegúle, oníbàárà sì rò pé nǹkan ló bà jẹ́. Àwọn kan sì wà tí ètò kankan kò lè bá yín yanjú. Indiana Jones and the Great Circle tó jáde ní 2024 béèrè GPU tó ní ohun èlò ray tracing (ọ̀nà tó ń ṣèṣirò bí ìmọ́lẹ̀ ṣe ń rìn); bí kò bá sí i, ẹ má tilẹ̀ jẹ́ kí oníbàárà bẹ̀rẹ̀ sí í download rẹ̀.

Fún èyí tó bá wà láàárín méjì, Steam, ilé ìtajà géèmù orí íńtánẹ́ẹ̀tì, máa ń dá owó padà bí ẹni tó rà á bá béèrè láàárín ọjọ́ 14, tí kò sì tíì gbá a tó wákàtí méjì. Ẹ sọ fún un pé kó tètè kọjá ibi ìtàn ìbẹ̀rẹ̀, kó lọ tààrà síbi tí ogun ti le, kó wo bó ṣe ń rìn.