Ibi Tí Ohùn Ti Ń Parí

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé gìtá béèsì lọ́wọ́, ọ̀rọ̀ kan tí onílù wa sọ fún mi ni mo fẹ́ fi bẹ̀rẹ̀. A ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe eré kejì wa tán níwájú èrò ni. Mò ń ká wáyà mi, inú mi ń dùn ṣìnkìn, torí n kò ṣi ohùn kankan tẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ó rìn wá bá mi, ó ní, "Ibi tí o ti ń bẹ̀rẹ̀ ohùn dáa. Ibi tí o ti ń parí rẹ̀ ni kò yé mi."

Mo kọ́kọ́ bínú. Ta ló ń gbọ́ ibi tí ohùn béèsì ti ń parí? Ọdún méjì ni mo ti lò nínú yàrá. Mo ti kọ́ sìkéèlì, ìyẹn ohùn tí a tò tẹ̀ léra, lóríṣiríṣi, mo ti ń fi àtàǹpàkò gbá okùn bí àwọn tí mò ń wò nínú fídíò. Àṣé ẹ̀tẹ̀ ni mo fi sílẹ̀ tí mò ń pa làpálàpá.

Kí n tó máa bọ́rọ̀ lọ, èmi kì í ṣe ògbóǹtarìgì o. Iṣẹ́ mìíràn ni mo fi ń jẹun. Ìrọ̀lẹ́ àti òpin ọ̀sẹ̀ ni mo ń ráyè fún béèsì. Ẹ kàn gbà mí bí ẹni tó ti já sínú kòtò yìí ṣáájú yín.

Ẹ ka orin dé mẹ́rin: ọ̀kan, èjì, ẹ̀ta, ẹ̀rin. Nínú ọ̀pọ̀ orin tí àwa ń ṣe, ìlù ńlá tí onílù ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ló máa ń dún lórí ọ̀kan, snare, ìlù kékeré tó ń fi igi lù, á sì dá a lóhùn lórí èjì, pà! Èmi náà á ta ohùn mi lórí ọ̀kan gẹ́lẹ́. Ṣùgbọ́n mo máa ń jẹ́ kó máa dún lọ títí á fi bo snare mọ́lẹ̀. Kò sí ẹni tó máa gbọ́ ọ tó máa sọ pé àṣìṣe ni. Ohun tí wọ́n á sọ ni pé orin yẹn wúwo, kò fẹ́ rìn, wọ́n á sì máa wo onílù bí ẹni pé òun ló jẹ̀bi. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, níbi ìdánrawò, a ṣe orin kan náà lẹ́ẹ̀mejì. Lẹ́ẹ̀kejì, mo pa ohùn mi kí snare tó dún. Ìka kan náà, okùn kan náà, n kò fọwọ́ kan bọ́tìnnì kankan. Ẹni tó ń kọrin yíjú padà sí wa láàárín orin. Nígbà tí a parí, ó béèrè bóyá a sáré sí i ni. A kò sáré sí i rárá.

Ọwọ́ òsì ló ń ṣe púpọ̀ nínú iṣẹ́ yìí. Ẹ dẹ ìka yín díẹ̀ kí okùn gbéra kúrò lára fret, irin tẹ́ẹ́rẹ́ tó dábùú ọrùn gìtá, ṣùgbọ́n kí ìka ṣì máa kan okùn. Tí ẹ bá gbé ìka kúrò pátápátá, okùn á máa kùn lẹ́yìn yín. Tó bá jẹ́ okùn tí ẹ kò fi ìka òsì tẹ̀ rárá ni ẹ ta, ọwọ́ ọ̀tún ló máa fọwọ́ bà á kó dákẹ́. Mo gbé metronome, ẹ̀rọ tó ń dún kọ́-kọ́ láti ka orin, sí ìgbà 60 láàárín ìṣẹ́jú kan, mo mú ohùn kan ṣoṣo, mò ń ta á lórí ọ̀kan, mò ń pa á lórí èjì. Lọ́jọ́ kejì, mò ń pa á ní agbedeméjì ọ̀kan àti èjì. Ogún ìṣẹ́jú lójúmọ́. Ó sú mi débi pé mo fẹ́rẹ̀ẹ́ padà sídìí àtàǹpàkò mi. Ẹ gbé metronome wálẹ̀ sí 40, ẹ ó rí i pé ó tún le sí i, torí àlàfo tó wà láàárín ìró kan sí èkejì ti gùn, ẹ̀yin nìkan lẹ ó máa kà á nínú ara yín.

Yàrá kan náà yìí tún purọ́ fún mi lórí bí béèsì ṣe ń dún. Nílé, mo ti yí ohùn ìsàlẹ̀ sókè dé òpin, mo yí ti àárín wálẹ̀, ó ń kù rìrì bí àrá, mo sì fẹ́ràn rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni mo ṣe gbé e dé gbọ̀ngàn. Ọ̀rẹ́ mi kan tó jókòó lẹ́yìn sọ pé òun ń gbọ́ ariwo kan láti ẹ̀gbẹ́ ọ̀dọ̀ mi, ṣùgbọ́n òun kò gbọ́ ohùn kan pàtó nínú rẹ̀. Èmi tí mo wà lórí pèpéle kò gbọ́ ara mi, ni mo bá tún yí ohùn ìsàlẹ̀ sókè sí i. Kàkà kí ewé àgbọn rọ̀, pípele ló ń pele sí i.

Nígbà tó yá ni mo mọ ìdí rẹ̀. Okùn tó nípọn jù lọ lórí béèsì olókùn mẹ́rin, ìyẹn E, ń gbọ̀n ní nǹkan bí ìgbà 41 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Ìró sì ń rin nǹkan bí mítà 343 láàárín àsìkò kan náà. Tí ẹ bá fi 41 pín 343, ìgbì kan ṣoṣo gùn ju mítà 8 lọ! Yàrá tí mo ti ń dánra wò kò tó mítà 4. Nínú gbọ̀ngàn, ìgbì bẹ́ẹ̀ á lọ lu ògiri, á padà wá pàdé ara rẹ̀, á pọ̀ lápọ̀jù níhìn-ín, á sì sọnù lọ́hùn-ún. Ẹ ṣí ẹsẹ̀ bíi mẹ́ta sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó lè dà bí ẹni pé ẹlòmíràn ló ń ta béèsì. Etí wa náà ní ọwọ́ nínú rẹ̀: tí ìró bá rọlẹ̀, etí kì í fi bẹ́ẹ̀ gbọ́ ohùn ìsàlẹ̀, tó bá lọ sókè, ó ń gbọ́ ọ ketekete. Àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì méjì, Harvey Fletcher àti Wilden Munson, ti wọn èyí, wọ́n sì tẹ èsì rẹ̀ jáde ní 1933. Ìyẹn ni ohun tó dùn ní kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ nílé ṣe ń di ẹrẹ̀ tí a bá yí i sókè lóde. Ní báyìí, tí n kò bá gbọ́ ara mi, ohùn àárín ni mo ń fi kún un, mo sì ń bù kúrò lára ti ìsàlẹ̀. Tí ẹ bá gbọ́ béèsì mi nìkan báyìí, kò dùn tó bẹ́ẹ̀, ó dà bí ẹni tí imú rẹ̀ dí. Tí àwọn yòókù bá ti wọlé, ó yọ kedere. Mo ti ní wáyà gígùn kan báyìí: tí èrò kò bá tíì dé, mo máa ń ta béèsì lọ títí dé ẹ̀yìn gbọ̀ngàn láti gbọ́ ohun tí wọn yóò gbọ́.

Bátìrì ńkọ́? Béèsì mi ń lo bátìrì onífólítì 9, bẹ́ẹ̀ wáyà tí a bá kì bọ̀ ọ́ ló ń tàn án. Mo fi wáyà sínú rẹ̀ sùn mọ́jú eré kan. Nínú orin kejì, ohùn mi kọ́kọ́ ń fọ́, lẹ́yìn náà ó pòórá. Ẹ máa fa wáyà yọ.

Ẹ ó ṣi ohùn tẹ̀ o, kò sí bí ẹ ṣe máa yẹ̀ ẹ́. Lóde eré kẹrin wa, mo sọnù sáàárín orin. Kí ni mo ṣe? Mo dáwọ́ dúró, mò ń wo ìka mi bí ẹni tí owó bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Lójijì ni ilẹ̀ yẹ̀ lẹ́sẹ̀ àwọn yòókù. Onígìtá wò mí, a-tẹ-dùùrù wò mí, ni èrò náà bá bẹ̀rẹ̀ sí í wò mí. Ká ní mo kàn dákẹ́ fún ìwọ̀n ìkà mẹ́rin, tí mo wọlé padà lórí ọ̀kan pẹ̀lú ohùn ìpìlẹ̀ kọ́ọ̀dù náà, ìyẹn àwọn ohùn tí à ń ta pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, èmi nìkan ni ǹ bá mọ̀. Ohùn tí ẹ fi fret kan ṣì, ẹ yọ́ ìka lọ sórí èyí tó tọ́, wọ́n á rò pé ẹ̀ṣọ́ ni. Èyí tó bá pẹ́ wọlé kò ní irú àtúnṣe yẹn. Ẹ má sì fa ojú ro. Ojú ni ó ń tú ẹni fó ju etí àwọn tó ń gbọ́ lọ.

Ní ti kíkọ́ orin, ìwé tó kàn ń sọ nọ́mbà fret fún mi ni mo gbára lé jù. Lọ́jọ́ kan, nígbà tó ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá ká gorí pèpéle, olórin wa ní ọ̀fun òun kò dá, ká fi fret méjì sọ kíì, ìyẹn ohùn tí orin dá lé, wálẹ̀. Ó yẹ kí ìyẹn rọrùn fún wa ju a-tẹ-dùùrù lọ. Fret márùn-ún márùn-ún ló wà láàárín okùn kan sí èkejì, láti E sí A, sí D, sí G, nítorí náà bí ọwọ́ ṣe ń rìn láti ipò 1 dé 4 dé 5 nínú sìkéèlì kì í yí padà níbikíbi tí ẹ bá gbé e lọ. Ṣùgbọ́n kíì E ni orin yẹn wà, okùn ìsàlẹ̀ tí n kò tẹ̀ rárá sì ni ìpìlẹ̀ rẹ̀. D tí a fẹ́ lọ kò sí nísàlẹ̀ níbẹ̀! Ẹni tó mọ orúkọ ohùn á gbé D òkè, á sì máa bá tirẹ̀ lọ. Nọ́mbà ni èmi mọ̀. Láti ọjọ́ yẹn, n kì í fọwọ́ kan béèsì títí dìgbà tí mo bá lè fi ẹnu kọ ìlà béèsì orin náà tán.

Àwọn kan á sọ fún yín pé ìka méjì ni a fi ń ta á, pé oníke tí a fi ń ta okùn kò yẹ béèsì. Ẹ má bá wọn jiyàn. James Jamerson, tí béèsì rẹ̀ wà lábẹ́ ọ̀pọ̀ orin ilé-iṣẹ́ orin Motown ní Amẹ́ríkà, ìka ìlábẹ̀ ọ̀tún kan ṣoṣo ló ń lò. Carol Kaye ń ta gìtá tẹ́lẹ̀ ni kó tó bọ́ sórí béèsì ní 1963, oníke yẹn ló sì fi ń ta á.

Etí yín ni kí ẹ bójú tó. Mo dúró ti aro onílù, irin pẹlẹbẹ tó ń fi igi lù, ní eré kan, ọjọ́ méjì gbáko ni etí mi fi ń hó. NIOSH, àjọ tó ń ṣèwádìí ààbò lẹ́nu iṣẹ́ ní Amẹ́ríkà, ní kí a má gbọ́ ìró decibel 85 (decibel ni a fi ń wọn bí ìró ṣe pọ̀ tó) ju wákàtí 8 lọ lójúmọ́. Decibel 3 tó bá tún gun orí rẹ̀, ẹ pín àsìkò náà sí méjì. Tó bá fi máa dé 100, ìṣẹ́jú 15 péré ló kù. Ohun tí àwọn olórin fi ń dí etí kéré, inú àpò béèsì ni tèmi ń gbé.

Mo ń fi fóònù gba ohùn gbogbo eré wa sílẹ̀ báyìí. Ibẹ̀ ni mo ti gbọ́ pé mo ń sáré nígbàkigbà tí mo bá fẹ́ dárà, ohun tí n kò bá búra pé irọ́ ni. Mo fún onílù wa ní èyí tó kẹ́yìn gbọ́. Ó gbọ́ ọ dé ìparí, kò sọ nǹkan kan nípa béèsì, aro tirẹ̀ ló ń bínú sí. Èmi ni mo dá a padà sí orin kẹrin nígbà tí mo délé. Níbi ìlà kejì, ohùn kan wà níbẹ̀ tó tún kọjá snare. Àná ni mo gbé metronome sí 60.