Èlùbọ́, owó àjọ àti ọ̀gbẹ́ni tó di ID mi mú

Ẹ bá mi gbọ́ o. Houston ni mò ń lọ, ọkọ̀ òfuurufú aago mẹ́fà àárọ̀. Níbi tí wọ́n ti ń yẹ ẹrù wò, èlùbọ́ ló dá mi dúró. Bí nǹkan lẹ́búlẹ́bú bá ti ju mílílítà 350 lọ nínú báàgì ọwọ́, àwọn TSA, ìyẹn àwọn tó ń yẹ ẹrù wò ní pápákọ̀ òfuurufú Amẹ́ríkà, lè yẹ̀ ẹ́ wò lọ́tọ̀. Obìnrin kan nínú wọn tú ọ̀rá, díẹ̀ dà sára búláòsì mi, ó ní kí n máa lọ. Àpótí ńlá ni kẹ́ ẹ máa kó èlùbọ́ sí, ẹ jọ̀ọ́.

Ẹnu géètì gan-an lọ̀rọ̀ wà. Ọ̀gbẹ́ni kan tó wọ jíìnsì yà bá mi, ó fi báàjì hàn mí fìrí, ó ní ọlọ́pàá lòun. Ó gba ID àti tíkẹ́ẹ̀tì mi, kò dá a padà. Ó ń yí i síwá sẹ́yìn bí ẹni ń wo ayédèrú owó. Ó wá ní, "Ṣé mo lè wo inú báàgì yín?"

3,000 dọ́là owó àjọ wa wà nísàlẹ̀ ẹ̀. Kò sófin tó ní kéèyàn má gbówó rìn nínú Amẹ́ríkà, àmọ́ àwọn ọlọ́pàá ti gbà á lọ́wọ́ àwọn tí wọn ò fẹ̀sùn kankan kàn. "Bẹ́ẹ̀ ni sà" ti dé ètè mi, bí wọ́n ṣe tọ́ wa. Ni mo bá rántí àbúrò mi tó ń kọ́ òfin: "Ẹ̀gbọ́n mi, tó bá ti béèrè, ẹ lè kọ̀ o." Òun ló sọ ẹjọ́ Royer fún mi. Ní pápákọ̀ Miami, àwọn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ di tíkẹ́ẹ̀tì àti láísẹ́ǹsì ọkùnrin yẹn mú, wọ́n mú un wọ yàrá kékeré kan. Igbó ni wọ́n bá nínú àpótí ẹ̀! Síbẹ̀, lọ́dún 1983, ilé ẹjọ́ tó ga jù ní Amẹ́ríkà ní ìyẹn ti di ìhámọ́, wọn ò sì ní ìdí tó tó. (Tẹ́ ẹ bá ń ti Èkó bọ̀, ọ̀tọ̀ ni ti kọ́sítọ́ọ̀mù. Àwọn yẹn ò nílò àṣẹ yín kí wọ́n tó tú ẹrù.)

Ohùn mi ń gbọ̀n. "Rárá, sà. Ṣé mo lè máa lọ?"

Ó ní ọkọ̀ lè fi mí sílẹ̀ o. Mo tún béèrè. Ìgbà kẹta ló tó na ID sí mi, ó sì kọjá sọ́dọ̀ ọmọkùnrin aláwọ̀ dúdú kan tó ń jẹ búrẹ́dì. Kó tó sọ̀rọ̀ tán, ọmọ yẹn ti ń ṣí síìpù báàgì ẹ̀. Mo fẹ́ lanu, ni wọ́n bá pe ìlà wa.